Owó Ìdìbò Tí Kò Ní Orúkọ

 

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ fi agbègbè Bwari yìí ṣe ilé, láti Kubwa dé Dutse Alhaji, láti Ushafa dé Mpape, ẹ gbọ́ mi. 

Ọ̀rọ̀ owó ìdìbò ni a ó sọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní kí ni ó kan àáfà nínú òṣèlú, pé kí a fi mọ́sálásí sílẹ̀ fún ìrun kíkí. Èmi náà ìbá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú fúnra wọn ni wọn kò fi mọ́sálásí sílẹ̀. Bí ìdìbò bá ti ku oṣù mẹ́fà, wọn yóò máa wá kírun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọn yóò jókòó ní sàfú iwájú, àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn wá yóò sì gbé nǹkan kalẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Bí kì í ṣe àpò ìrẹsì, àgbò Iléyá ni. Bí kì í ṣe àgbò, sìmẹ́ńtì ni, tàbí ẹní mọ́sálásí, tàbí kànga ẹ̀rọ. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni wọ́n tilẹ̀ ń wá jù. Onílẹ̀ ní ọmọ tirẹ̀ tí ó fẹ́ kí ó wọlé. Àlejò ni wọ́n rò pé kò ní ẹnì kan nínú ìdíje náà, wọ́n sì ti gbà lọ́kàn wọn pé ẹni tí kò ní ẹnì kan ni ó rọrùn láti rà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ bi ara wa ni pé owó tí wọ́n fi ń ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ta ni ó ni ín? Ọwọ́ ta ni ó ti wá kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó gbé e wá fún wa?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Abuja níbí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ẹgbẹ́ PDP ṣe àsè kan tí wọ́n fi kó owó jọ fún ìpolongo ìbò Ààrẹ Goodluck Jonathan. Owó tí wọ́n kéde lálẹ́ ọjọ́ náà ju bílíọ̀nù 21 náírà lọ. Àwọn gómìnà ẹgbẹ́ náà jẹ́ 21, mílíọ̀nù 50 náírà ni wọ́n kéde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n kéde bílíọ̀nù 5 fún àwọn tí ń ṣòwò epo rọ̀bì àti gáàsì. Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí. Òfin Ìdìbò ọdún 2010 tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà sọ pé olùdíje sí ipò Ààrẹ kò gbọdọ̀ ná ju bílíọ̀nù kan lọ, àti pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ ta olùdíje lọ́rẹ ju mílíọ̀nù kan lọ. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1990 sì ti ka á léèwọ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti fi owó rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Gómìnà wo ni owó oṣù rẹ̀ tó èyí tí yóò fi mílíọ̀nù 50 ṣe ẹ̀bùn lálẹ́ ọjọ́ kan?

Ẹgbẹ́ APC, tí ó jẹ́ alátakò nígbà náà, pariwo pé èyí tàpá sí òfin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àánú olùdíje tiwọn, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, sì ti ń ṣe gbogbo ayé, nítorí pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ó sọ ní gbangba pé òun ní láti yá owó ní báńkì kí òun tó lè ra fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ náà, tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 27 àti ààbọ̀. Ó wọlé. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, fọ́ọ̀mù kan náà ti di mílíọ̀nù 45, kò sì yá owó mọ́: ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn kan ni ó ra á, tí ó gbé e wá fún un. Òfin tí ó sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ ta olùdíje lọ́rẹ ju mílíọ̀nù kan lọ ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó dá owó náà jọ, kí ló dé tí a kò ka orúkọ wọn sí ìlú létí pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù dá? Kò lè gbà ju ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn lọ. Ọkùnrin náà ti kú ní ọdún 2025, kí Ọlọ́run forí jì í. Kì í ṣe òun nìkan ni mo ń bá wí. Àwọn tí wọ́n pariwo ní ọdún 2014 tí wọ́n dákẹ́ ní ọdún 2018 ni mo ń tọ́ka sí, wọ́n sì pọ̀ nínú jàmáà wa.

Àwọn ti apá kejì náà ńkọ́? Nígbà tí ìdìbò Ààrẹ ti ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2019 ku ọ̀la, àwọn ènìyàn rí ọkọ̀ tí báńkì fi ń kó owó tí ó wọ ilé Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú ní Bourdillon, ní Ìkòyí. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í, èsì rẹ̀ ni pé owó òun ni, pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ibi tí ó bá sì wu òun ni òun lè gbé owó òun sí. Ẹgbẹ́ PDP ni ó wá ń pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n ka bílíọ̀nù 21 lórí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ń béèrè ohun tí ó wà nínú ọkọ̀. N kò ní sọ pé ẹnikẹ́ni jalè, nítorí n kò rí i, ẹ̀sìn wa kò sì gbà kí a fi àròsọ ba ènìyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ipò, tàbí tí ó ń wá a fún ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ ìlú ni láti bi í léèrè owó tí ó wọlé ní ọ̀la ìdìbò. Èsì náà kò dáhùn ìbéèrè ìlú.

Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ni Súúrà Al-Mutaffifin ń bá wí lójú tèmi. Àwọn tí Ọlọ́run fi ìyà lérí fún nínú Súúrà náà ni àwọn oníṣòwò tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òṣùwọ̀n wọn a kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí wọ́n wọ̀n fún ẹlòmíràn, òṣùwọ̀n a dín. Wọ́n ní òṣùwọ̀n méjì. Bí ọ̀tá bá kó owó ìdìbò jọ, òṣùwọ̀n òfin a kún dẹ́nu. Bí ó bá kan tiwọn, ó di owó ara ẹni. Kì í sì í ṣe lónìí ni ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker dìde láti yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò. Wọ́n rí i pé owó ìgbìmọ̀ ọjà, èyí tí ó jẹ́ owó àwọn àgbẹ̀ kòkó, ti gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan lọ sínú àpò ẹgbẹ́ Action Group. Wọ́n dá Olóyè Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, wọ́n sì dá Olóyè Akíntọ́lá láre, bẹ́ẹ̀ òun ni olórí ìjọba láti ìparí ọdún 1959. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn àgbà wa títí di òní. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé àgbẹ̀ tí ó ni kòkó kò gba kọ́bọ̀ padà nínú ìdáláre ẹnikẹ́ni.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) fi àmì mẹ́ta hàn wá tí a fi ń mọ munáfíkì, gẹ́gẹ́ bí Abu Huraira ṣe gbà á wá, tí Bukhari àti Muslim sì kọ ọ́ sílẹ̀: irọ́ nínú ọ̀rọ̀, yíyẹ àdéhùn, àti jíjẹ àmáànà tí a fi sọ́wọ́ ẹni. Àwọn onímọ̀ ṣe àlàyé pé ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí pín sí. Ọ̀kan wà nínú ìgbàgbọ́, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ẹni tí ó ní in. Èkejì wà nínú ìṣe, mùsùlùmí tí ó ń kírun márùn-ún lè ní in. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìwé yìí tán kí ó lọ máa pe aládùúgbò rẹ̀ ní munáfíkì. Àmì ni kí ó wò, kí ó sì kọ́kọ́ wò ó lára tirẹ̀.

Lọ́dún ìdìbò kan, ọkùnrin kan tí olùdíje rán wá bá àwa bíi mélòó kan jókòó lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó gbé àpòòwé kan jáde, ó ní ọ̀gá òun kò fẹ́ kí a dárúkọ òun rárá, nítorí pé sàráà tí a bò ni ó ní láádá jù. Ó tilẹ̀ ka ẹsẹ Àlùkùránì mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí bí orí ti ń mì tìtì, tí àwọn kan ń sọ pé ènìyàn Ọlọ́run gidi ni ọ̀gá náà! Ó yẹ kí a dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn dáadáa, nítorí pé ó gbé aṣọ ẹ̀sìn wọ̀.

Òótọ́ ni pé nínú Súúrà Bákárà, ẹsẹ 271, Ọlọ́run fi yé wa pé kò sí aburú nínú sàráà ojú gbangba, ṣùgbọ́n pé èyí tí a ṣe fún aláìní ní ìkọ̀kọ̀ lóore jù fún ẹni tí ó ṣe é. Òótọ́ sì ni pé ẹni tí ó ṣe ìtọrẹ tí ó bò ó wà lára àwọn ènìyàn méje tí hádíìsì sọ pé wọn yóò rí ibòji Ọlọ́run ní ọjọ́ tí kò ní sí ibòji mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: ta ni a bo sàráà fún, ta sì ni a bo owó ìdìbò fún? Ẹni tí ó ṣe sàráà bò ó kí ènìyàn má baà yìn ín. Kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ẹni náà kò mọ̀ ọ́n. Owó ìdìbò kò rí bẹ́ẹ̀. Olówó tí ó fún olùdíje mọ olùdíje, olùdíje mọ olówó, àwọn méjèèjì mọ iye, wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò fi san án. Ẹnì kan ṣoṣo ni a bò ó fún, òun ni ìwọ tí wọn yóò lo owó rẹ láti fi san gbèsè náà. Ìyẹn kì í ṣe sàráà. Ọjà ni, ohun tí wọ́n sì ń tà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ti ń san gbèsè yìí, kí ó rántí Ìbàdàn. Ní ọdún 2003, Olóyè Rashidi Ládọjà di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àlàájì Lamidi Adédibú. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ní oṣù Kíní ọdún 2006, àwọn kan nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yọ gómìnà náà. Ó di ìparí ọdún náà kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dá a padà sórí àga. Ohun tí ó fa ìjà, Àlàájì Adédibú kò fi bò. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé mílíọ̀nù 65 ni owó ètò ààbò tí gómìnà ń gbà lóṣooṣù, pé gómìnà kì í ṣírò owó yẹn fún ẹnikẹ́ni, àti pé mílíọ̀nù 15 nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa wá sọ́dọ̀ òun lóṣooṣù. Ó ní gómìnà yẹ àdéhùn.

Mo fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó ń bínú pé wọ́n yẹ àdéhùn, àmì munáfíkì sì ni yíyẹ àdéhùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn lórí owó ta ni? Owó tí a yà sọ́tọ̀ kí ará Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ṣakí lè sùn kí wọ́n jí ní àlàáfíà ni wọ́n jókòó pín nínú yàrá, láìsí onílé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ìwọ ṣe àdéhùn pé òun yóò gbé àmáànà ẹlòmíràn fún ọ kò bá ọ ṣe àdéhùn kankan lójú Ọlọ́run. Baba náà ti kú ní ọdún 2008, Olóyè Ládọjà sì ti di Olúbàdàn ní ọdún 2025. Ọlọ́run ni adájọ́ láàárín gbogbo wọn. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa ni pé bàbá yẹn tilẹ̀ sòótọ́. Mélòó ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà, tí a kò sì gbọ́ rárá títí ọdún mẹ́jọ fi pé?

Owó fọ́ọ̀mù nìkan tó kí a fi mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò san án. Ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ipò Ààrẹ, PDP sì ta tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 40. Nǹkan bí mílíọ̀nù 14 náírà ni owó tí ìjọba là sílẹ̀ fún Ààrẹ lọ́dún. Lọ́dún mẹ́rin, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 56. Kò ra fọ́ọ̀mù APC. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gba owó oṣù tí ó kéré jù nígbà náà, tí í ṣe 30,000 náírà, yóò ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún 277 láìjẹ láìmu kí ó tó rà á. Síbẹ̀ a ń jókòó sílé ìpàdé, a ń sọ pé kí àwọn ẹni ire jáde wá du ipò.

Òfin Ìdìbò tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022 gbé gbogbo iye wọ̀nyí sókè. Nígbà tí òfin náà ń ṣiṣẹ́, olùdíje sí ipò Ààrẹ lè ná bílíọ̀nù 5, ẹni tí ó ń du alága ìjọba ìbílẹ̀ bíi ti Bwari yìí lè ná mílíọ̀nù 30, kánsílọ̀ lè ná mílíọ̀nù 5. Ẹnì kan lè ta olùdíje lọ́rẹ tó mílíọ̀nù 50 nígbà náà. Ó dára. Ìyà wo ni òfin náà là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá rékọjá? Ó ní kí olùdíje san ìtanràn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí òfin gbà fún un, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, tàbí méjèèjì. Fún alága, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù 30 jẹ́ 300,000 náírà. Ó ní kí olówó tí ó bá fún un ní bílíọ̀nù kan san ìtanràn tí kò ju 500,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó ta ìbò rẹ̀ ní 5,000 náírà ńkọ́? Òfin kan náà sọ pé 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ẹ tún un kà kí ó yé yín. Lábẹ́ òfin ọdún 2022 yẹn, ìtanràn olówó bílíọ̀nù kò ju ti ìyá tí ó fi ìbò ra ata. Àwọn tí wọ́n jókòó ṣe òfin náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pàápàá, ní abala 225, pa á láṣẹ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú fi orísun owó wọn hàn àjọ INEC lọ́dọọdún. Ta ni nínú yín tí ó ti rí ìwé náà rí?

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní àsìkò Ànábì, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya. Ànábì rán an lọ gba sàká lọ́dọ̀ àwọn Banu Sulaym. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó bọ̀ sí ọ̀nà méjì, ó ní èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ànábì gun mínbárì lójú gbogbo ènìyàn, ó sì béèrè ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi jókòó sí ilé baba rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀ kí ó wò ó bóyá ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀. Abu Humaid as-Sa'idi ni ó gba ìròyìn yìí wá. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí kò fi nǹkan kan pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀, tí ó sọ ọ́ jáde ní gbangba, síbẹ̀ wọ́n bá a wí lórí mínbárì. Ẹni tí ó gba tirẹ̀ tí kò sọ ọ́ jáde rárá ńkọ́?

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin ìyá àsáláátù, ẹ má bínú sí mi. Bí kì í bá ṣe pé o jẹ́ alága, ṣé àgbò yẹn ìbá wá ilé rẹ? Bí kì í bá ṣe pé àwọn ènìyàn ń kírun lẹ́yìn rẹ, ṣé olùdíje ìbá mọ orúkọ ọmọ rẹ tí ó fi ń san owó ilé-ìwé rẹ̀? Ipò ni wọ́n ta lọ́rẹ. Jàmáà ni ó sì ni ipò náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Opó tí ó tò fún ìrẹsì kọ́ ni mo ń bá wí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní oṣù Keje ọdún 2018, tí gbogbo ìgboro ń sọ pé dìbò kí o sebẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gba owó náà ni wọ́n ń jẹ gbèsè oṣù owó-iṣẹ́ tàbí owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tí ó fi ebi pa ọ́ kí ó lè ra ìbò rẹ pọ́ọ́kú ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹun yó, tí a ń sọ pé owó wa náà ni, pé kí a gbà á kí a sì dìbò fún ẹni tí ó wù wá, ọ̀rọ̀ yẹn kò mọ́. Bí ó bá jẹ́ owó wa lóòótọ́, owó gbogbo wa ni, títí dé ọ̀dọ̀ Gbagyi tí kò sí níbi tí a ti pín in, àti ọmọ tí kò tíì tó ìdìbò. Ta ni ó fi ọ́ ṣe ẹni tí yóò gba ti gbogbo wọn? Abu Huraira tún gbà á wá lọ́dọ̀ Ànábì pé lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́run kò ní bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ ni ẹni tí kò bá olórí ṣe àdéhùn bí kò ṣe nítorí ohun ayé: bí olórí bá fún un, yóò mú àdéhùn ṣẹ, bí kò bá fún un, yóò kọ̀yìn sí i. Mi ò mọ ohun tí ó tún jọ títa ìbò ju èyí lọ.

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbí, nítorí ó máa ń da àwọn ọmọ ilé-kéú wa láàmú. Àwa Yorùbá máa ń pe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní rìbá. Ribà tí ó wà nínú Àlùkùránì, èlé ni. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni rashwa, òun ni hádíìsì fi ègún lé ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á lórí pọ̀. Háráámù ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kí a má ṣe pa wọ́n pọ̀.

Àwọn àáfà wa máa ń sọ ìtàn Sàyìdínà Umar, nígbà tí wọ́n pín aṣọ, tí ó kan olúkúlùkù ní ìwọ̀n kan. Umar ga, síbẹ̀ aṣọ tí ó dá bò ó dé ilẹ̀. Ó gun mínbárì, ó ní kí wọ́n gbọ́ òun. Ọkùnrin kan dìde, ó ní àwọn kò ní gbọ́ títí yóò fi sọ ibi tí ó ti rí aṣọ yòókù. Wọn kò ti ọkùnrin náà jáde. Wọn kò ní ọ̀tá ìjọba ni. Umar pe Abdullah ọmọ rẹ̀, ọmọ náà dìde, ó ní òun ni òun fún baba òun ní ìpín òun. Ọkùnrin náà ní ó dára, àwọn ń gbọ́ báyìí. Olórí mùsùlùmí gbogbo ayé ni wọ́n bi léèrè aṣọ kan, ó sì dáhùn kí ó tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

A kò lè fi agbára mú INEC tàbí EFCC. Ṣùgbọ́n mọ́sálásí wa àti ẹgbẹ́ wa wà ní ìkáwọ́ wa. Kí a tó bèèrè ìwé owó lọ́wọ́ olóṣèlú, ó yẹ kí a lè gbé tiwa jáde. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó nǹkan. Kí akápò ní ìwé kan lọ́tọ̀ fún ohunkóhun tí ó bá ti ọwọ́ olùdíje, olóyè òṣèlú tàbí aṣojú wọn wá. Kí a kọ orúkọ, ọjọ́, iye tàbí irú ẹ̀bùn náà, àti ẹni tí ó gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á nínú ilé rẹ̀ lórúkọ wa. Kí akọ̀wé ka ìwé náà sí gbogbo wa létí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ó bá kẹ́yìn oṣù, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n wà lẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó bá ní ìbéèrè lè dìde bí ọkùnrin ìgbà Umar.

Bí aṣojú olùdíje bá ní kí a má dárúkọ ọ̀gá òun, kí a dá a padà fún un níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, kí a sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹní àti sìmẹ́ńtì tí ó ti wà nílẹ̀ láti ìdìbò tí ó kọjá ńkọ́? Ẹni tí ó bá mọ ọwọ́ tí wọ́n ti wá, kí ó lọ sọ fún akọ̀wé kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, kí a lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú ewé kìíní.